Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Bí Agbaṣẹ́ṣe Bá Ń Fi Iṣẹ́ Falẹ̀

Ní Ifangni àti agbègbè rẹ̀, òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin. Ìjì a sì máa bá a rìn. Bí ìjì bá ká páànù ilé lọ, onílé kò ní lè sùn. Òjò yóò pa aṣọ. Àgbàdo inú àpò yóò hù. Ògiri amọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Bí agbaṣẹ́ṣe bá wá ń sọ pé "lọ́la, lọ́la", kí ni kí ẹ ṣe?

Àwọn kan ti san owó àdójútòfò lórí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní asiráǹsì. Òfin kan ni ó de iṣẹ́ yìí ní Benin àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ Faransé. Ní oṣù keje ọdún 1992 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Yaoundé. Bí ìjì bá ba ilé jẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ilé-iṣẹ́ àdójútòfò létí kí ọjọ́ iṣẹ́ 5 tó pé. Ẹ wo ìwé yín dáadáa: ìwé mìíràn dárúkọ iná, kò dárúkọ ìjì.

Ẹ má kó àwókù dànù kí aṣojú ilé-iṣẹ́ náà tó wá wò ó. Ẹ fi tàpólì bo ilé, kí ẹ sì tọ́jú ìwé-ẹ̀rí gbogbo ohun tí ẹ bá rà.

Nígbà tí owó bá dé, ẹ ṣọ́ra. Owó tí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó ti gba gbogbo owó rẹ̀ kò ní ìdí láti yára. Ká ní iṣẹ́ náà jẹ́ 900.000 sẹ́fà. Ẹ lè pín in báyìí:

300.000 fún igi àti páànù. Kí ẹ bá a lọ sí ọjà rà á.
300.000 nígbà tí igi òrùlé bá dúró.
200.000 nígbà tí páànù bá kan tán.
100.000 lẹ́yìn tí òjò bá rọ̀, tí ilé kò sì jò.

Bí iṣẹ́ bá dúró, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ kò tíì san owó tí ó tọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti gba iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Ẹ má bú u. Ọ̀rọ̀ tútù ní ń yọ obì lápò. Ẹ jọ dá ọjọ́ tuntun lójú ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ọjọ́ náà bá tún kọjá, ẹ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ tí ó kù àti ọjọ́ tí ẹ fún un. Kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, kí ẹ mú ẹ̀dà náà pamọ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé tàbí àdúgbò. Bí ìlàjà kò bá ṣeé ṣe, ilé-ẹjọ́ wà ní Pobè. Ibẹ̀ ni ìwé tí ẹ kọ yóò ti sọ̀rọ̀ fún yín.

Ohun kan kù. Ìwé àdéhùn lè jẹ́ ti èdè Faransé. Ẹ má tẹ ìka sí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà sí yín létí. Kí ẹni tí ẹ fọkàn tán kà á, kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe nìkan.

Ẹ da èyí kọ sínú ìwé yín:
Èmi ............ gbà láti ṣe òrùlé ilé ............. Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ............. Èmi yóò parí ní ọjọ́ ............. Owó iṣẹ́ jẹ́ ............ sẹ́fà. Ẹlẹ́rìí: ............ àti .............

Ìbéèrè
1. Ọjọ́ iṣẹ́ mélòó ni ẹ ní láti fi ọ̀rọ̀ tó ilé-iṣẹ́ àdójútòfò létí?
2. Kí ló dé tí a kò fi ń san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà?
3. Ẹ ro 300.000, 300.000, 200.000 àti 100.000 pọ̀. Èló ni?
4. Kí ni ẹ ó kọ sínú lẹ́tà ìkìlọ̀?