ÌTỌ́JÚ ABO EHORO TÍ ỌMỌ RẸ̀ KÚ



Nígbà tí ọmọ titun bá kú tí ìyá rẹ̀ sì yè, àwọn àgbà a máa wí pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ẹni tí ń sin ehoro ní ẹ̀hìnkùlé rẹ̀. Bí ọmọ ehoro mẹ́fà tàbí méje bá kú ní òru kan, àdánù ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ́jú ìyá wọn, ó lè tún bímọ kí oṣù méjì tó pé. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, agbè pàápàá lè fọ́.

1. Ohun tí a óò kọ́kọ́ ṣe.
Ẹ fún ìyá ní ewé yúnyun díẹ̀ kí ó lè máa jẹun níhà kejì ilé rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ tí ó mọ́ tú irun inú ìtẹ́ wò. Ẹ má ṣe yára pe ọmọ tí ó tutù ní òkú. Ìhòòhò ni a ń bí ọmọ ehoro, òtútù sì lè mú un tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè mira. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí ẹ gbé e mọ́ra. Bí ó bá mira, ẹ dá a padà sínú irun. Àwọn tí ó kú ní tòótọ́, ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ jìnnà sí ilé, nítorí òórùn wọn a máa pe ìjàlọ. Bí kò bá sí èyí tí ó yè, ẹ sun koríko ìtẹ́ náà, kí ẹ fọ àpótí rẹ̀, kí ẹ sì sá a sí oòrùn.

2. Ọmú ìyá.
Wàrà ti kún ọmú, kò sì sí ẹni tí yóò mu ún. Ẹ má ṣe fún un jáde, nítorí bí a ti ń fún un ni òmíràn yóò máa sun. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ dín eèrí àgbàdo rẹ̀ kù sí ìlàjì, kí ẹ fún un ní koríko púpọ̀. Omi mímu ni ẹ kò gbọdọ̀ dín kù. Bí abo mìíràn bá bímọ ju èyí tí ó lè tọ́ lọ, tí ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà kò sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, a lè fi méjì tàbí mẹ́ta sínú irun ìyá tí ó ṣòfò, bí ara rẹ̀ bá le.

3. Àmì ewu.
Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tètè wá dókítà ẹran ní ọjọ́ náà gan-an:
(a) bí ọmú bá pọ́n, tí ó gbóná, tí ó sì le;
(b) bí omi tí ń rùn bá ń jáde ní ojú ara rẹ̀;
(d) bí ó bá ṣì ń rọbí, nítorí ó lè jẹ́ pé ọmọ kan kù nínú rẹ̀;
(e) bí kò bá jẹun láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí tí kò ṣu.
Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ènìyàn. Penicillin tí a gbé mì a máa ba ìfun ehoro jẹ́, ó sì lè pa á.

4. Ẹ wádìí ohun tí ó pa àwọn ọmọ.
Bí a kò bá mọ ìdí rẹ̀, yóò tún ṣẹlẹ̀. Ṣé a gbé àpótí ìtẹ́ síbẹ̀ ní àkókò? Ọjọ́ 31 ni ehoro sábà máa ń lóyún. Nítorí náà, ní ọjọ́ 28 ni kí àpótí àti koríko gbígbẹ wà nílé rẹ̀. Ṣé omi tán ní òru? Ìyá tí òùngbẹ ń gbẹ lè pa ọmọ rẹ̀ jẹ. Ṣé ajá tàbí ejò dẹ́rù bà á? Ṣé ìjàlọ gun òkè? Ẹ fi ẹsẹ̀ ilé ehoro sínú agolo omi.
Ní àkókò ìkórè kòkó, nígbà tí ọwọ́ wa kún, a máa ń já koríko ní abẹ́ igi kòkó. Ẹ má ṣe fún ehoro ní koríko ibi tí a ti fín oògùn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fún un ní èèpo kòkó, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀.

5. Ìgbà tí a óò tún mú un lọ sọ́dọ̀ akọ.
Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì sanra padà. Ẹ má ṣe gbé e ní etí. Ẹ di awọ ẹ̀hìn ọrùn rẹ̀ mú, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì gbé ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ abo ni í pàdánù ọmọ àkọ́bí wọn nítorí àìmọ̀. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ pa á. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá pàdánù ọmọ ní ìgbà mẹ́ta léra, láìsí àṣìṣe olówó rẹ̀, kò yẹ ní ìyá mọ́.

Ẹ kọ ọjọ́ tí a gùn ún àti ọjọ́ tí ó bímọ sí ara pátákó, kí ẹ so ó mọ́ ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ kò ní gbàgbé ọjọ́ àpótí.