Bí A Ti Ń Tú Họ́ọ̀bù Jíìpù Ogun Àtijọ́

Láàrin ọdún 1941 sí ọdún 1945, ilé-iṣẹ́ Willys-Overland àti ilé-iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà ṣe jíìpù ogun tí iye wọn lé ní 600,000. Ọkọ̀ kékeré ni, kò tilẹ̀ ní ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ibi tí ọkọ̀ ńlá kò lè gbà. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ará Nàìjíríà wà lára wọn, mọ̀ ọ́n dáadáa ní Bọ́mà. Àwọn ni wọ́n la ọ̀nà jíìpù gba orí òkè wọ àfonífojì odò Kaladan kí ọdún 1944 tó jinlẹ̀.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ti di pàǹtí irin. Ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ibòmíràn, tí wọ́n ń tọ́jú wọn bí ẹrù ìjogún. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí kò lè ṣàì kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni títú họ́ọ̀bù.

Họ́ọ̀bù ni irin rìbìtì tí ó jókòó sí àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bóòtù márùn-ún yọ jáde lára rẹ̀, àwọn ni a fi ń de ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ọn. Dúróòmù bíréèkì so mọ́ ọn pẹ̀lú. Béárìn méjì ń yí nínú gírísì ní inú rẹ̀, òrùka kan sì wà lẹ́yìn wọn tí kì í jẹ́ kí gírísì jáde. Bí òrùka yìí bá gbó, gírísì yóò ṣàn sórí bíréèkì. Bíréèkì tí ó bá sì ti mu gírísì kò ní lè mú ọkọ̀ dúró ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ohun tí ó léwu jù lọ nínú iṣẹ́ yìí kò sí nínú họ́ọ̀bù rárá. Ìta gbangba ni ó wà, ẹni tí kò mọ̀ kò sì ní fura. Púpọ̀ nínú jíìpù wọ̀nyí ni ó ní rímù alábala méjì, tí a fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì so pọ̀, kí táyà má baà bọ́ lára rímù bí ọta ìbọn bá dá a lu. Nítorí náà oríṣi nọ́ọ̀tì méjì ni ó wà lójú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Márùn-ún tí ó sún mọ́ àárín ni ó de ẹsẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Àwọn tí ó tò yí wọn ká ni ó so abala rímù méjèèjì pọ̀. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì tú ti ìta nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì kún inú táyà, rímù yóò là sí méjì, irin yóò sì fò bí òkò. Irú rímù alábala báyìí ti pa àwọn mẹkáníìkì rí. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú táyà jáde, kò sì ní fi sípánà kan nọ́ọ̀tì ti ìta rárá.

Ìdẹkùn kejì ni ọ̀nà tí a ń gbà yí nọ́ọ̀tì. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òsì ni a ń yí nọ́ọ̀tì sí bí a bá fẹ́ tú u. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọwọ́ ọ̀tún jíìpù yìí. Ṣùgbọ́n ní ọwọ́ òsì, ọ̀tún ni a ń yí i sí, nítorí àwọn tí ó ṣe é kò fẹ́ kí yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ fún nọ́ọ̀tì náà pa, títí bóòtù yóò fi kán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó sì yẹ kí a wo bí ìlà orí bóòtù ti dagun kí a tó fi ọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tí ó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ lè ti pààrọ̀ rẹ̀.

A ó dẹ nọ́ọ̀tì márààrún díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó fi jáàkì gbé e. A kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì ọwọ́. Ti jíìpù yìí kì í mú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀pá tí ó ti inú ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn ni ó ń mú. Bí a bá ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, èkejì lè yí, ọkọ̀ tí ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ yóò sì bọ́ lórí jáàkì. Igi tàbí òkúta ni kí a fi há àwọn ẹsẹ̀ yòókù, kí a sì fi àpótí irin tí ó lágbára ti abẹ́ ọkọ̀.

Ti ẹ̀yìn ni ó rọrùn jù. Bóòtù mẹ́fà ni ó de orí ọ̀pá áásù mọ́ họ́ọ̀bù. Bí a bá tú wọn, a lè fa ọ̀pá náà jáde, nítorí kò gbé ẹrù ọkọ̀, yíyí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Irin oníhò tí ó yí i ká ni ó gbé ẹrù. Orí irin náà ni nọ́ọ̀tì ńlá méjì wà, tí wásà kan tí a tẹ etí rẹ̀ wà láàrin wọn. A ó na etí wásà náà, a ó sì fi sípánà tí a ṣe fún un tú wọn. Àwọn kan a máa fi òòlù àti irin gígé lù ú. Àpá ìwà wọn kì í parẹ́ lára nọ́ọ̀tì náà. Bí a bá wá mi họ́ọ̀bù, béárìn ti ìta ni yóò kọ́kọ́ yọ. Ọwọ́ ni kí a fi gbà á, kí ó má já sínú iyanrìn. Bí dúróòmù bá kọ̀ láti wá, bíréèkì ni ó há a. A ó yí irin tí ń tún un ṣe, tí ó wà lẹ́yìn, kí ó lè sún wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹ́ eruku inú dúróòmù. Bíréèkì àtijọ́ ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún, kí a sì bo imú.

Ní ìgbà tí a bá ń dá a padà, a ó máa yí họ́ọ̀bù bí a ti ń fún nọ́ọ̀tì ti inú pa, títí yóò fi há. Nígbà náà ni a ó dá nọ́ọ̀tì náà padà ní ìdá kan nínú mẹ́fà yíyípo kan, kí họ́ọ̀bù lè yí geere láìmì. Bí a bá ti wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà díẹ̀, a ó tún dúró, a ó sì fún nọ́ọ̀tì márààrún, ti òsì sí òsì, ti ọ̀tún sí ọ̀tún.