Èsì Àyẹ̀wò Kókó Egungun Ìdí

Ìbéèrè: Olóòtú, èsì àyẹ̀wò kókó egungun ìdí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé chordoma ni, pé brachyury wà níbẹ̀. Kí ni ìyẹn? Òǹkàwé, Ungwan Shanu, Kaduna.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Nínú ọlẹ̀, okùn kan tó ń jẹ́ notochord ló ń tọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn sọ́nà. Brachyury ni purotéènì tó ń darí rẹ̀. Okùn náà á parẹ́, ṣùgbọ́n ìyókù rẹ̀ lè di chordoma, jẹjẹrẹ kan tó ń mú bí ẹnì kan nínú mílíọ̀nù lọ́dún. Láti 2006 ni purotéènì yìí ti ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára chondrosarcoma, jẹjẹrẹ mìíràn tó jọ ọ́. Ẹ̀rí tó lágbára pé chordoma ni ni wíwà rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ abẹ tó yọ ọ́ lódindi ló dára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbé èsì náà lọ bá oníṣẹ́ abẹ egungun ní ilé ìwòsàn tó wà ní Shika, Zaria.