Ẹsẹ̀ Mẹ́wàá Nínú Ìlù Mẹ́jọ

Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń tẹ ọmọ kíláàsì mi kan ní ìka ẹsẹ̀. Àwa méjèèjì la fẹ́ jó Lindy Hop níbi ayẹyẹ ìdágbére wa. "O tún ti tètè dé!" ni gbólóhùn tó ń sọ ṣáá, títí tó fi ní òun ò jó mọ́. Mo wá jókòó, mo wádìí ara mi. Ẹnu mi ni àṣìṣe náà wà, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Harlem ní New York làwọn Aláwọ̀dúdú ti dá ijó yìí sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1920. Savoy Ballroom, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1926, ló gbé e ga. Ibẹ̀ ni Frankie Manning ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká oníjó. Swingout ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ẹni méjì á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á súnmọ́ra, wọ́n á yí po, wọ́n á tún jìnnà síra.

Ìlù mẹ́jọ ló ń gbà, àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́wàá là ń gbé. Ti ẹni tó ń darí rèé:

1: òsì, sẹ́yìn
2: ọ̀tún, síwájú
3 sí 4: òsì, ọ̀tún, òsì
5: ọ̀tún
6: òsì
7 sí 8: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún

Ọ̀tún ni ẹnìkejì fi ń bẹ̀rẹ̀, òdìkejì èyí ló sì ń gbé títí dé òpin.

Ibi ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú ìlù méjì ni wàhálà wà. Wọn kò dọ́gba: èkíní á pẹ́ díẹ̀, ti àárín á kúrú, á sún mọ́ ìlù tó ń bọ̀. Èmi sì ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀jọ. Ẹ wò wọ́n dáadáa: gbogbo wọn ló ní sílébù méjì, méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà. Tí mo bá pe "ẹ̀ta", ẹsẹ̀ àárín á bọ́ sórí "ta", ní ìdajì ìlù géérégé. Ó ti yá jù. Ẹsẹ̀ mi á balẹ̀ kí ẹnìkejì mi tó gbé tirẹ̀ kúrò.

Mo pa kíkà tì, mo wá gbólóhùn tí gígùn rẹ̀ bá ijó náà mu: "Bẹ́ẹ̀ ni o." Ẹsẹ̀ kan lórí "bẹ́", ẹ jẹ́ kí "ẹ̀" kọjá láìgbẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lórí "ni", ẹ̀kẹta lórí "o", kí ẹ sì fa "o" náà. Odindi rẹ̀ nìyí:

Fà, wá, bẹ́ẹ̀ ni o;
yí, lọ, bẹ́ẹ̀ ni o.

Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi pé ká tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. A kọ́kọ́ fi ẹnu jó o lórí ìjókòó, a ń pàtẹ́wọ́ sí ìlù, ká tó dìde. Mo ṣì ṣi ọwọ́ dì lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ mi ò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi ẹnu kọ́ ọ kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Bí ẹnìkejì yín bá ní ẹ ti tètè dé, ẹ bi ara yín pé sílébù wo lẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé.