Ìdin fún Adìẹ Ẹran àti Ìlera Ìfun Wọn

Ẹ̀yin olùsìn adìẹ ní Kétu, ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín èso tí ń jẹrà ní ọjà Mile 12. Eṣinṣin dúdú kan wà tí ó jọ agbọ́n. Èso yìí ni oúnjẹ ìdin rẹ̀. Ìdin náà ń mú ara adìẹ dàgbà, ọ̀rá rẹ̀ sì jọ ti òróró àgbọn, ó lè dín kòkòrò àrùn inú ìfun kù. Kí a rì í bọ omi híhó, kí a sá a; kí ó má ju ìdá 10 nínú 100 oúnjẹ wọn lọ, nítorí èèpo rẹ̀ ṣòro fún ìfun. Ìdin orí ààtàn kò yẹ rárá: oró irin a máa wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ adìẹ, ẹ pe dókítà ẹran. Ìdin kì í ṣe oògùn rẹ̀.