Kọ̀ǹpútà tó ń gan lẹ́nu iṣẹ́: Ẹ yẹ ráàmù wò kẹ́ ẹ tó náwó

Oníbàárà ń dúró de lẹ́tà, kọ̀ǹpútà wá gan sójú kan; iṣẹ́ tí wọn ò tíì fi pamọ́ bá a lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tó ní ilé ìtẹ̀wé nírú ìlú bíi Àgọ́-Àmọ̀dù, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, ló máa sọ pé fáírọ́ọ̀sì ni. Ó lè jẹ́ ráàmù.

Òdiwọ̀n eré ráàmù DDR4 kò kọjá 3200. Bí wọ́n bá kọ 3600 sí i lára, ètò tí wọ́n ń pè ní XMP ló ń mú un sáré bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá lè gbé eré yìí, tàbí tí wọ́n da ráàmù oríṣi méjì pọ̀, ó lè máa gan.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé:

1. Ẹ kó iṣẹ́ yín pamọ́ síbòmíràn.

2. Bẹ́ ẹ bá ti ń tan kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Delete tàbí F2 kẹ́ ẹ lè wọ BIOS, kẹ́ ẹ pa XMP. Bí kò bá sí XMP níbẹ̀, ẹ bọ́ sí ìgbésẹ̀ kẹta.

3. Lọ́jọ́ tí iná bá dúró, ẹ fi MemTest86, tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, yẹ ráàmù wò.

4. Bó bá ṣì ń fi àṣìṣe hàn, ẹ dán ráàmù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bàjẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Kọ̀ǹpútà tí eré rẹ̀ dín díẹ̀ kò ba ọjà jẹ́; èyí tó ń gan ló ń lé oníbàárà.