Ọmọkùnrin Tí Ó Bàlágà Ṣáájú Àkókò

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí ìbàlágà. Inú èdè Lárúbáwá ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí nǹkan dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ilé-kéwú ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí ààfáà ń ṣàlàyé ẹni tí ìrun àti ààwẹ̀ di dandan fún. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ sí ti ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún tàbí mẹ́fà tí irun ti hù lábẹ́ rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ti ń ki bíi ti àgbà? Ṣé òun náà ti dé ibi tí ó yẹ kí ó dé ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni a mọ̀ọ́mọ̀ kọ ẹ̀kọ́ yìí fún. Ẹ̀yin ni bọ̀ọ̀dá àti àǹtí àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹ̀yin ni ẹ ń wẹ̀ fún wọn, ẹ̀yin ni olùkọ́ wọn ní ilé-kéwú, bí Ọlọ́hun bá sì fẹ́, ẹ̀yin ni bàbá àti ìyá lọ́la. Ojú yín ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Àárín ọdún 9 sí 14 ni ara ọmọkùnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Inú ọpọlọ ni àṣẹ ti ń jáde. Apá kan níbẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní hypothalamus a máa ránṣẹ́ sí kóró kékeré kan tí kò ju ẹ̀wà lọ, tí ó so rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ, orúkọ tirẹ̀ ni pituitary. Òun náà a ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́dọ̀ kórópọ̀n pé kí ó jí. Kórópọ̀n ni ó ń ṣe testosterone, èròjà tí ó ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin. Nítorí náà, kì í ṣe irùngbọ̀n ni àmì àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ohùn. Kórópọ̀n méjèèjì ni ó máa ń kọ́kọ́ tóbi, lẹ́yìn náà ni irun abẹ́ àti gígùn nǹkan ọkùnrin rẹ̀. Ohùn kíki àti irùngbọ̀n, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń dé. Bí àmì wọ̀nyí bá yọ kí ọmọkùnrin tó pé ọdún 9, àwọn dókítà gbà pé ó ti yá jù. Ọdún 8 ni òdiwọ̀n ti ọmọbìnrin.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbí, òun gan-an ni ó mú wa kọ̀wé. Ìbàlágà àìtọ́jọ́ máa ń bá ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ dáadáa, lára ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin a kì í sì í rí àrùn kankan nídìí rẹ̀. Ti ọmọkùnrin kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀, nígbà púpọ̀ ni àìsàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó yẹ kí a wá rí.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ènìyàn wa ń ṣe. Àwọn kan a máa yangàn pé ọkùnrin gidi ni àwọn bí. Àwọn mìíràn a ní ọmọ náà ti bàjẹ́, wọ́n a nà án, wọ́n a máa bi í pé ta ni ó kọ́ ọ. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí yóò ní àlùjọ̀nnú ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni o! Ó ṣì ń sunkún bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí gíga rẹ̀ ń retí ìwà ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ̀. Gíga náà pàápàá, ẹ̀tàn ni. Testosterone kan náà tí ó ń mú eegun gùn kíákíá ni ó ń tètè dí ojú ibi tí eegun ti ń gùn. Ọmọ tí ó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè dúró sójú kan kí wọ́n tó parí sẹ́kọ́ńdìrì, kí gbogbo wọn kọjá rẹ̀, kí òun sì di ẹni kúkúrú títí ayé.

Ọ̀nà méjì ni nǹkan yìí ń gbà wá. Èkíní ni kí ọpọlọ fúnra rẹ̀ pàṣẹ ṣáájú àkókò. Kókó kan lè wà nínú ọpọlọ. Omi lè pọ̀ jù níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ti ní àrùn yírùnyírùn rí, tàbí pé ó forí gbá gidigidi. Ọ̀kan nínú àwọn kókó náà, hamartoma, kì í ṣe jẹjẹrẹ, inú oyún ni ọmọ ti ń gbé e wá, ó sì lè mú kí ọmọ máa bú sẹ́rìn-ín lójijì láìsí ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín. Wárápá ni irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ má sì torí rẹ̀ so ọmọ mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, àjogúnbá ni: ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ rí àbùkù kan lára ohun àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní MKRN3, kìkì èyí tí ọmọ bá jogún láti ọ̀dọ̀ bàbá ni ó sì ń fa ìbàlágà àìtọ́jọ́.

Ọ̀nà kejì ni pé ọpọlọ ṣì ń sùn, ibòmíràn ni testosterone ti ń wá. Níbí ni a ó ti dúró díẹ̀, nítorí àìsàn kan tí orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú ń jẹ́ CAH. Kóró méjì wà tí wọ́n jókòó lórí kíndìnrín. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣe cortisol, tí ara fi ń kojú ìnira, àti èyí tí ó ń pa iyọ̀ mọ́ sínú ara. Bí irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń lò bá kù díẹ̀ káàtó láti inú oyún, iṣẹ́ náà yóò dí níwájú, gẹ́gẹ́ bí omi tí a dí ojú ọ̀nà rẹ̀ tí ó sì ya wọ oko ẹlòmíràn: ohun tí ó yẹ kí ó di cortisol yóò di èròjà ọkùnrin. Bí a ṣe ń jogún rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS. Ara bàbá le, ara ìyá le, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń gbé e kiri. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò ní in. Èyí tí ó le jù nínú rẹ̀ máa ń mú kí ọmọ jòjòló máa bì ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, kí iyọ̀ tán lára rẹ̀, kí ó sì kú. Ojú ara ọmọbìnrin tí ó ní in máa ń yàtọ̀ láti ọjọ́ ìbí, nítorí náà wọ́n lè tètè fura. Ti ọmọkùnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìdí nìyí tí dókítà yóò fi béèrè bóyá ìyá ti sin ọmọ jòjòló rí. Ẹ má fi í pamọ́, ẹ má sì fi “àbíkú ni” dí i lẹ́nu.

Kókó inú kórópọ̀n, èyí tí ó ń mú kí ẹyọ kan tóbi ju èkejì lọ, lè fà á pẹ̀lú. Àwọn ìdílé kan wà tí kórópọ̀n ọmọkùnrin wọn ń jí fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ. Ọdún 1993 ni wọ́n rí àbùkù tí ó ń fa ìyẹn. Ẹ̀yin arákùnrin tí ẹ ń fi ìpara testosterone para nítorí kí igẹ̀ yín lè tóbi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín: ó ń ran ọmọ tí ẹ bá gbé mọ́ àyà. Ní ọdún 2009, àjọ FDA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n tẹ ìkìlọ̀ tí ó le jù lọ sára rẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé tí ó ti bá lò báyìí.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ èyí tí ó jẹ́? Yóò béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, oògùn àti ìpara tí ó wà nínú ilé, àti orí fífọ́, èébì tàbí ojú tí kò ríran dáadáa. Bí ẹ bá ti ń fi báírò sàmì gíga ọmọ sára ògiri pẹ̀lú déètì, ẹ dà á kọ lọ síbẹ̀, ó wúlò gan-an. Lẹ́yìn náà ni yóò fọwọ́ kan kórópọ̀n. Ìlẹ̀kẹ̀ méjìlá kan wà tí a sín sí okùn, láti kékeré dé ńlá, tí dókítà Andrea Prader ti ìlú Zurich gbé jáde ní ọdún 1966, òun ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí kórópọ̀n méjèèjì bá ti tó ìlẹ̀kẹ̀ kẹrin, ọpọlọ ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bí irun bá pọ̀ tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ sì gùn, ṣùgbọ́n tí kórópọ̀n kéré bíi ti ọmọdé, a ó wo orí kíndìnrín. Nǹkan tí kò náni ní kọ́bọ̀ sì ti fi ọ̀nà hàn kí a tó na owó.

Wọn yóò ya X-ray ọwọ́ òsì láti mọ ọjọ́ orí eegun. Eegun ọmọ ọdún 6 lè ti di ti ọmọ ọdún 11. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ wò fún testosterone, fún LH tí ó ń ti pituitary wá, àti fún 17-hydroxyprogesterone tí ó ń tú àṣírí CAH. Nígbà mìíràn, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ hypothalamus, wọ́n á sì tún gba ẹ̀jẹ̀ láti wò bóyá LH fò sókè. Bí ó bá fò, ọpọlọ ti jí, ẹ̀rọ MRI ni yóò sì wo inú rẹ̀. Àwọn dókítà tí ó mọ̀ nípa èyí lára ọmọdé wà ní UCH, Ìbàdàn, àti LUTH, Ìdí-Àràbà. Òótọ́ ni pé irun díẹ̀ àti òórùn abíyá nìkan, láìsí pé ọmọ ń ga jù, lè má jẹ́ nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ti ìrun àti ààwẹ̀ wá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ fíkíhì pàápàá fi ààlà sí i. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáfíì, a kì í ka ìbàlágà ọmọkùnrin sí kí ó tó pé ọdún 9 ti òṣùpá, èyí tí kò tó ọdún 9 tiwa ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lọ́dọ̀ àwọn ará Hánáfì, ọdún 12 ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyà ààwẹ̀ jẹ ọmọ ọdún mẹ́fà nítorí irun abẹ́. Ẹ bá ààfáà tí ó mọ̀wé sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó ní CAH tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Hydrocortisone ni yóò máa lò lójoojúmọ́, kò sì gbọdọ̀ fò ó. Bí ibà bá mú un, wọ́n á fi kún un bí dókítà ti là á sílẹ̀. Bí ó bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú rẹ̀, ilé-ìwòsàn ni kíákíá, ìbáà jẹ́ òru. Nígbà tí ó bá wá dàgbà tí ààwẹ̀ kàn án, inú oṣù Ṣàbáànì ni kí ó ti lọ rí dókítà rẹ̀, kí ó tó gba ẹyọ kan.